Mọ́nítọ̀ Tó Ń Dán Tí Mo Rà fún Ìyá Àmínà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́bí díẹ̀, ẹ jẹ́ kí n ròyìn ohun kan tó ṣẹlẹ̀ nínú ilé mi fún yín. Ọ̀rọ̀ mọ́nítọ̀ ni o, ìyẹn ojú kọ̀ǹpútà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ti máa sọ pé, kí ló kan kápẹ́ńtà pẹ̀lú mọ́nítọ̀? Ẹ ní sùúrù fún mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan nínú group wa lórí fóònù béèrè pé òun fẹ́ ra mọ́nítọ̀ tí òun á máa fi ṣe géèmù, ṣé glossy ni kí òun rà ni àbí matte. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, glossy ni èyí tí ojú rẹ̀ ń dán bíi dígí. Matte ni èyí tí wọ́n ti pa dídán ojú rẹ̀, tí iná kì í kọ mànà lára rẹ̀. Kíá ni àwọn èèyàn ti ń dá a lóhùn. Àwọn kan ní glossy, nítorí àwọ̀ rẹ̀ rẹwà. Àwọn kan ní matte, nítorí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé.

Èmi náà kọ èsì, mo pa á rẹ́. Mo tún un kọ, mo tún pa á rẹ́. Ìdáhùn tèmi gùn ju ohun tí ọkùnrin yẹn béèrè lọ. Mo wá lọ bá ìyàwó mi, mo ní ṣé mo lè sọ ọ́. Ó ní kí n sọ ọ́, kí n má ṣáà ti bù mọ́ ọn.

Ṣẹ̀rífátù ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde. Abẹ́òkúta ni wọ́n bí èmi sí. Àmínà ni ọmọ kan ṣoṣo tí Ọlọ́run fún wa, ó ti dàgbà, Leeds ló ti ń ṣiṣẹ́. Becontree ní London là ń gbé láti ìgbà tí ọmọ náà ti wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Èmi máa ń to kíṣìnnì fún àwọn èèyàn, kọ́bọ́ọ̀dù, ṣẹ́ẹ̀fù àti irú rẹ̀. Ìyá Àmínà ní tiẹ̀ ń wa bọ́ọ̀sì, bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì wọ̀nyẹn. Ọdún mọ́kànlá ló fi wà á.

Ẹ ò tíì rí obìnrin tó fẹ́ràn iṣẹ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àwọn arúgbó tó máa ń wọ ọkọ̀ rẹ̀ ní òwúrọ̀, ó mọ ibi tí oníkálukú ti ń sọ̀. Tí ọ̀kan nínú wọn ò bá wá fún ọjọ́ méjì, á délé á máa dààmú, á ní kí ló ṣe màmá oníkóòtù pupa yẹn, ṣé kì í ṣe àìsàn?

Lọ́jọ́ Tuesday kan, nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, ó ń po ògì ní kíṣìnnì, mo gbọ́ tí abọ́ fọ́. Mo pariwo láti pálọ̀ pé kí ló dé. Kò dáhùn. Nígbà tí mo débẹ̀, ó rọ̀ mọ́ etí sink, ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀, ó ń gbìyànjú láti bá mi sọ̀rọ̀ àmọ́ ọ̀rọ̀ ń lọ́ mọ́ra lẹ́nu rẹ̀. Stroke ni. Àrùn rọpárọsẹ̀ tí a máa ń gbọ́ pé ó ṣe ẹlòmíràn.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló lò nílé ìwòsàn. Àlùmùdùlíláì, ó padà wálé láàyè. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń padà bọ̀ sípò díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ọwọ́ òsì kò lè di nǹkan mú, ẹsẹ̀ òsì ń wọ́ nílẹ̀, ẹnu rẹ̀ yí sí apá kan, ìpéǹpéjú rẹ̀ òsì sì wálẹ̀ bíi ti ẹni tí oorun ń kùn. Wọ́n sọ fún un pé kò gbọ́dọ̀ wakọ̀ mọ́. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ, ìyẹn nìkan ló sunkún sí.

Obìnrin kan láti ilé ìwòsàn máa ń wá sílé wa lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti kọ́ ọ bí á ṣe máa lo ọwọ́ yẹn. Ó kó bọ́ọ̀lù rọ́bà wá kó máa fún un, ó kó ìlẹ̀kẹ̀ wá kó máa ṣà á. Ìyá Àmínà á ṣe é tí obìnrin náà bá wà níbẹ̀. Tó bá ti lọ tán, á sọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, á jókòó, á máa wo ògiri.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin yẹn wá bi í pé kí tiẹ̀ ni nǹkan tó wù ú láti ṣe jù láyé yìí. Ìyàwó mi ní kí òun wa bọ́ọ̀sì ni. Mo rò pé obìnrin náà á fi ọ̀rọ̀ mìíràn yí i lórí. Rárá o. Ó ní géèmù kan wà tí èèyàn ti ń wa bọ́ọ̀sì lórí kọ̀ǹpútà, tó ní sítíárì tí èèyàn ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Ó ní bó bá lè fi ìyẹn ṣe eré ìdárayá ọwọ́ rẹ̀, inú òun á dùn.

Mo pe Àmínà. Ọmọ náà ti ń ṣe géèmù láti kékeré, mo sì ti bá a jà nítorí ẹ̀ tó ìgbà àìmọye. Lọ́jọ́ Saturday tó tẹ̀ lé e, ó wọ ọkọ̀ ojú irin wá pẹ̀lú kọ̀ǹpútà rẹ̀ àti sítíárì rẹ̀, ó ní òun fi wọ́n jìn fún Mummy. Mọ́nítọ̀ nìkan ni kò rí gbé. Ó ní kí n lọ ra ìyẹn. Ó sì kì mí nílọ̀ kó tó lọ:

"Daddy, ẹ ra matte o. Front room yẹn, light tó ń wọ ibẹ̀ ti pọ̀ jù."

Mo ní mo ti gbọ́.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà ní Heathway tí wọ́n ti ń ta kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin ará Ghana kan tó ti tó ọmọ ọgọ́ta ọdún ló ni ín, èèyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó gbé mọ́nítọ̀ méjì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó tan àwòrán kan náà sí méjèèjì: ojú títì kan, igi lọ́tùn-ún lósì, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Lórí matte, títì ni mo rí. Lórí glossy, ẹ̀yin èèyàn mi, ńṣe ló dà bíi pé kí n na ọwọ́ kí n fọwọ́ kan omi òjò lára ewé! Dúdú rẹ̀ dú, pupa rẹ̀ ń jó bí iná.

Bàbá yẹn béèrè ibi tí mo fẹ́ gbé e sí. Mo ní pálọ̀ ni, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, matte ni òun á gbà mí nímọ̀ràn láti mú. Ó ní glossy dára púpọ̀, àmọ́ inú yàrá tó ṣókùnkùn ló ti ń gbádùn mọ́ni, pé níbi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà, gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ ló máa ń yọ lójú rẹ̀.

Ṣé mo gbọ́? Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ igi bíi tèmi, kí igi dán ni ẹ̀rí pé iṣẹ́ parí. Mo máa ń fi sandpaper ha igi, màá fi fáníìṣì pa á, màá tún un pa, títí oníbàárà á fi rí eyín ara rẹ̀ níbẹ̀. Mo wo matte yẹn, ó dà bí iṣẹ́ tí ẹnì kan fi sílẹ̀ láìparí. Èmi ò lè gbé iṣẹ́ tí kò parí lọ fún ìyàwó mi. Mo fẹ́ gbé ohun tó dára jù lọ fún un lẹ́yìn gbogbo ohun tójú rẹ̀ ti rí. Mo mú glossy.

Mo kan tábìlì kan fún un fúnra mi, mo wọn gíga àga rẹ̀ kí apá rẹ̀ má bàa máa ro ó. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ jókòó síbẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé ọwọ́ òsì lé sítíárì bí ẹni tó ń gbé ọmọ tuntun. Ó tan ọkọ̀. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní kí n lọ jókòó, pé èrò kì í dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Mo lọ jókòó sórí sófà lẹ́yìn rẹ̀, mo ń fi etí aṣọ nu ojú mi kó má bàa rí mi.

Ọjọ́ mẹ́rin ló ṣe é dáadáa. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó ní ó ti rẹ òun. Ní ọjọ́ kẹfà, kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ tó fi dìde. Nígbà tó fi máa pé ọ̀sẹ̀ méjì, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo rí i pé ó ti fi ìbòrí rẹ̀ kan bo mọ́nítọ̀ náà látòkè délẹ̀.

Mo rò pé oòrùn ojú fèrèsé ló ń dà á láàmú, bí Àmínà ṣe sọ. Mo ra kọ́tìnì tó nípọn, mo fà á dí, mo tan iná àjà. Kò yí padà. Obìnrin tó ń wá kọ́ ọ lọ́wọ́ lílò béèrè pé báwo ni bọ́ọ̀sì, ó ní ó wà dáadáa. Irọ́ ni.

Báyìí ni mo ṣe wá sọ ọ̀rọ̀ kan tí mi ò ní gbàgbé. Mo bá a níbi tó jókòó sí, mo ní, ṣé o ò tiẹ̀ fẹ́ kára rẹ yá ni? Mo ní gbogbo wa ń sáré sókè sódò lórí ẹ, ìwọ fúnra ẹ ti juwọ́ sílẹ̀. Ó wò mí, ó gbé ojú kúrò, ó ní kí n jọ̀ọ́ bá òun gbé kẹ́tù wá, òun fẹ́ ṣàlùwàlá.

Ṣé ẹ ti bá ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, tó jẹ́ pé bó ṣe ń jáde lẹ́nu yín lẹ ti ń wá bí ẹ ṣe máa dá a padà?

Sunday tó tẹ̀ lé e, ní ọ̀sán, mo rí i pé ẹsẹ̀ tábìlì yẹn kan ń mì. Mo kúnlẹ̀, mo tún un ṣe. Mo wá jókòó sórí àga rẹ̀ láti wò ó bóyá ó ti dúró. Mo ká ìbòrí kúrò lójú mọ́nítọ̀, mo tan géèmù náà, mo ń wa bọ́ọ̀sì lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Títì náà wọ inú ihò kan, tunnel ni wọ́n ń pè é, gbogbo rẹ̀ sì ṣókùnkùn.

Ojú mi ni mo rí.

Kì í ṣe òjìji o. Ojú mi gan-an, gbagada, bíi ti inú jígí. Mo rí ewú irùngbọ̀n mi, mo rí àpò abẹ́ ojú mi. Bọ́ọ̀sì jáde nínú tunnel, ojú mi pòórá. Ó wọ òmíràn, ojú mi tún padà dé.

Àwọn nǹkan tí mi ò kà sí bẹ̀rẹ̀ sí í tò sí iwájú mi. Ìgbà tó kọ́kọ́ dé láti ilé ìwòsàn, ó ní kí n yọ jígí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, pé ìṣó rẹ̀ ti ń yọ. Mo yọ ọ́, mo rí i pé ìṣó náà le dáadáa, mi ò bi í. Àbúrò rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú máa ń pè é lórí fídíò, Ìyá Àmínà á ní network ò dára, kí wọ́n kàn máa sọ̀rọ̀ lásán. Obìnrin tó máa ń pẹ́ níwájú jígí torí gèlè! Oṣù márùn-ún ló ti ń sá fún ojú ara rẹ̀, èmi wá gbé jígí ńlá kan, mo kan tábìlì fún un, mo ní kó jókòó síwájú rẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo lọ bá a ní kíṣìnnì. Ó ń fi ọwọ́ ọ̀tún ṣa ẹ̀wà lórí tireé. Mi ò mọ bí mo ṣe máa bẹ̀rẹ̀, mo fa àga, mo jókòó, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ṣa ẹ̀wà. Nígbà tó yá, mo ní mo jókòó sídìí mọ́nítọ̀ ẹ lónìí. Mo ní mo wọ tunnel.

Ọwọ́ rẹ̀ dúró.

"Bàbá Àmínà," ó ní, "gbogbo ìgbà tí mo bá wọ ibẹ̀, obìnrin kan á jáde wá wò mí. Mi ò mọ̀ ọ́n."

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Ó ní báwo ni òun ṣe fẹ́ sọ ọ́. Ó ní òun rí i pé inú mi ń dùn sí nǹkan náà, pé láràárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́ ni mo ń fi aṣọ nu ojú rẹ̀. Òun ò fẹ́ kí n rò pé òun ò mọ rírì mi. Ẹ gbọ́ mi? Aláìsàn ló ń dáàbò bo èmi tí ara mi le.

Mo tọrọ àforíjì ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́sí. Ó ní òun ti gbàgbé rẹ̀. Kò tíì gbàgbé, mo mọ̀. Mo wá di ọwọ́ òsì rẹ̀ mú, èyí tí kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dì mú.

"Èmi mọ obìnrin yẹn," mo ní. "Mo ti ń jí bá a láràárọ̀ láti ìgbà tó ti dé. Kò ṣe mí ní nǹkan kan."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, omi sì ń bọ́ lójú rẹ̀ sórí ẹ̀wà.

"Ẹ má tíì fi mí mọ̀ ọ́n," ó ní. "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ máa wakọ̀ ná."

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ṣe é. Láàárọ̀ Monday, mo gbé mọ́nítọ̀ padà sí Heathway. Mo ti ń múra sílẹ̀ de ẹni tó máa sọ pé ṣebí mo sọ fún ẹ. Bàbá ará Ghana yẹn kò sọ ọ́. Ó béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, mo sì sọ fún un, mi ò mọ ìdí tí mo fi sọ gbogbo rẹ̀ fún àlejò. Ó ní òun ti rò pé òun mọ mọ́nítọ̀ tán, pé òun máa ń bi àwọn èèyàn léèrè ibi tí fèrèsé wọn wà, òun ò tíì bi ẹnikẹ́ni rí pé ta ló máa jókòó síwájú rẹ̀. Ó fi matte pààrọ̀ rẹ̀ fún mi, ó sì fi aṣọ dì í dáadáa.

Kí n sọ òótọ́, matte yẹn kò rẹwà tó tàkọ́kọ́. Dúdú rẹ̀ jọ eérú díẹ̀, ewé igi rẹ̀ kò tutù yọ̀yọ̀ mọ́. Ìyá Àmínà jókòó sídìí rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn pẹ̀lú kọ́tìnì ní ṣíṣí. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń wò ó. Bọ́ọ̀sì wọ tunnel àkọ́kọ́. Mo rí i tí èjìká rẹ̀ le, tó ń retí obìnrin yẹn. Títì nìkan ló wà níbẹ̀, àti iná ọkọ̀ tó ń lọ níwájú. Èjìká rẹ̀ rọ̀. Ó wakọ̀ títí tó fi tó àkókò ìrun Alásárì.

Mi ò ní sọ fún yín pé géèmù ló wò ó sàn. Oògùn wà níbẹ̀, obìnrin tó ń wá sílé wà níbẹ̀, àdúà wà níbẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ojoojúmọ́ ló ń jókòó síbẹ̀ láti ọjọ́ náà lọ. Láàárín oṣù mẹ́ta, ọwọ́ òsì ti ń di sítíárì mú fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń ya kọ́nà. Láàárín oṣù mẹ́fà, ó ti lè gbé ife tíì. Àmínà á pè láti Leeds, àwọn méjèèjì á wọ géèmù kan náà, ìyá á máa bá ọmọ wí pé ó ń sáré jù. Ẹnu rẹ̀ ti ń padà sípò, àmọ́ kò tíì tọ́ tán, bóyá kò sì ní tọ́ tán mọ́. Ìpéǹpéjú yẹn ṣì wà bó ṣe wà.

Ní oṣù tó kọjá, a lọ ra ẹja àti ata lọ́jà East Street ní Barking. Obìnrin kan tí òun àti Ìyá Àmínà jọ ń wa bọ́ọ̀sì tẹ́lẹ̀ ń bọ̀ níwájú wa, ó kọjá lára wa, kò dá a mọ̀. Mo rò pé Ìyá Àmínà á jẹ́ kó lọ. Lọ́dún tó kọjá, á ti fi ìbòrí bo ẹnu, á sì ti fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kejì ọjà. Ó dúró. Ó yí padà, ó pe obìnrin náà lórúkọ. Obìnrin náà wò ó, kò mọ ẹni tó ń pè é.

"Ṣẹ̀rífátù ni," ìyàwó mi ní. "Stroke ló ṣe mí. Wò mí dáadáa, èmi náà ni."

Wọ́n dì mọ́ra láàárín ọjà, àwọn èèyàn ń yà wọ́n sílẹ̀ lọ. Èmi dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹ̀lú ọ̀rá ẹja lọ́wọ́, mo ń wo ojú ìyàwó mi nínú oòrùn.

Nítorí náà, arákùnrin tó béèrè nínú group, èsì mi rèé. Bí yàrá rẹ bá ṣókùnkùn, tó jẹ́ àwọ̀ ló ń wù ẹ́, ra glossy, ó rẹwà lóòótọ́. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ń wọlé, ra matte. Àmọ́ bó bá jẹ́ ẹlòmíràn lo fẹ́ rà á fún, jókòó sórí àga ẹni náà kó o tó sanwó. Ohun tó ń dán lójú ẹni tó ń fúnni lè máa ta ẹni tó ń gbà á lójú, ìfẹ́ sì lè mú kó má sọ fún ọ.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti rà rí fún ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ràn, tẹ́ ẹ wá rí i lẹ́yìn náà pé ojú ara yín lẹ fi rà á? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ìyá Àmínà ti ní òun ló máa kà á sókè fún mi.